Kí ló dé tí Allan J. ò kọ̀wé fipò sílẹ̀?

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn. Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Halifax, ní ìpínlẹ̀ Nova Scotia lórílẹ̀-èdè Kánádà, bímọ, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ náà, ó wá ń sọ fún mi lórí fóònù pé látìgbà tóun ti wọlé títí tóun fi gbọ́mọ jáde, kò sẹ́ni tó ní kóun lọ san dípọ́sítì, káàdì ìlera ṣá ni wọ́n gbà wò. Ẹni tó bá ti gbé aláboyún dé ilé ìwòsàn lóru rí nílé níbí, tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè owó kí wọ́n tó béèrè ibi tó ń dun èèyàn, á mọ ìdí tí mi ò fi lè sọ̀rọ̀ fúngbà díẹ̀. Mo bi í pé ta ló ṣe é fún wọn. Ó ní Tommy Douglas ni, pé kò sí ará Kánádà tí ò mọ̀ ọ́n.

Òótọ́ ló sọ. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n CBC ní káwọn èèyàn dìbò yan ẹni tó tóbi jù nínú ìtàn Kánádà ní 2004, Douglas ni wọ́n mú, torí pé ìpínlẹ̀ Saskatchewan tó ṣolórí fún ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe ìwòsàn tí ìjọba ń san owó dókítà ẹ̀, àwọn dókítà tiẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ 23 ní 1962 nítorí ẹ̀. Ṣùgbọ́n Saskatchewan kọ́ ni Halifax, wọ́n jìnnà síra wọn gan-an. Ta ló wá gbé e kúrò ní ìpínlẹ̀ kan tó fi di ti gbogbo Kánádà? Ibi tí mo ti ń wá ìdáhùn ni mo ti pàdé Allan J. MacEachen, tó ṣe mínísítà ìlera Kánádà láti 1965 sí 1968, Allan J. làwọn ará ilé ẹ̀ ń pè é. Ohun tó wá ń gba oorun lójú mi ni nǹkan tó ṣe ní 1966. Ohun tó ti ṣèlérí fún gbogbo ìlú, wọ́n sún un síwájú mọ́ ọn lọ́wọ́, àwọn tí wọ́n jọ jókòó nínú ìjọba kan náà ló sún un, ó sì jókòó, kò lọ. Ṣé ìgboyà nìyẹn ni àbí ojo?

Ọmọ ìlú èédú

Mi ò ní ka gbogbo ipò tó dì mú fún yín, ó pọ̀ jù. Ó ṣe mínísítà ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ó ṣe ti ìlera, ó ṣe ti ìṣúná, ó ṣe ti ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè lẹ́ẹ̀mejì, òun náà ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe igbákejì olórí ìjọba Kánádà nígbà tí wọ́n dá ipò yẹn sílẹ̀ ní 1977. Ó wọ pálímẹ́ńtì ní 1953, ọdún 1996 ló kúrò nílé ìgbìmọ̀ àgbà, nígbà tó pé 75 tí òfin ní kí sẹ́nétọ̀ lọ sinmi. Ibi tó ti wá ló ṣe pàtàkì jù sí mi.

Inverness ni wọ́n bí i sí ní 1921, ní erékùṣù Cape Breton. Ìlú èédú ni. Bàbá ẹ̀ ń wa èédú nísàlẹ̀ ilẹ̀, èdè Gaelic táwọn baba ńlá wọn gbé wá láti Scotland ṣì wà lẹ́nu àwọn àgbà, òun náà sì gbọ́ ọ. Láwọn ìlú èédú Cape Breton láyé ìgbà yẹn, kí owó iṣẹ́ tó dọ́wọ́ awakùsà, wọ́n á ti yọ ti dókítà kúrò nínú ẹ̀, díẹ̀ díẹ̀, àtẹni tára ẹ̀ le àtẹni tó ń ṣàìsàn ni wọ́n jọ ń yọ ọ́ lọ́wọ́ wọn, tó bá wá dọjọ́ tí òkúta já lu ẹnì kan tàbí tí ara ọmọ ń gbóná lóru, dókítà á wá, kò ní dúró lẹ́nu ọ̀nà kó máa béèrè owó. Àwa tá a dàgbà sáàárín àjọ àti èsúsú mọ bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí. Nígbà tó dé yunifásítì St. Francis Xavier ní Antigonish, ibẹ̀ gan-an ni Fadá Moses Coady àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ti ń kọ́ àwọn apẹja àti awakùsà bí wọ́n ṣe máa dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀, òun náà sì padà di olùkọ́ ètò ọrọ̀ ajé níbẹ̀ kó tó bọ́ sí òṣèlú. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀ ò nílò kẹ́nikẹ́ni fi ìwé ńlá ṣàlàyé fún un pé gbogbo wa lè dáwó ká fi wo ẹnì kan sàn.

Nǹkan mìíràn tún wà. Ní 1958, nígbà tí John Diefenbaker àti ẹgbẹ́ ẹ̀ gba àga 208 nínú 265, Allan J. náà ṣubú, ìbò 16 ni wọ́n fi jù ú lọ. Mẹ́rìndínlógún! Tí ìdílé mélòó kan bá jí lọ dìbò láàárọ̀ ọjọ́ yẹn dípò kí wọ́n sùn, ì bá ti wọlé. Ọdún mẹ́rin ló fi wà níta, tó ń ṣe olùdámọ̀ràn ní ọ́fíìsì Lester Pearson tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ wọn, Liberal, tó jẹ́ ẹgbẹ́ alátakò nígbà yẹn, kó tó padà wọlé ní 1962. Lójú tèmi, látìgbà yẹn ni kò ti fi kíka orí èèyàn ṣeré mọ́.

Ẹ̀bùn ọgọ́rùn-ún ọdún

Kẹ́ ẹ lè mọ bí ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹ̀ ṣe tóbi tó: ní Kánádà nígbà yẹn, láti òfin 1957, ìjọba ti ń gbé owó ilé ìwòsàn, ìyẹn bẹ́ẹ̀dì àti àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n bíìlì dókítà fúnra ẹ̀ kò sí nínú ẹ̀, ẹni tí ò ní ìnṣọ́ránsì á san án látàpò ara ẹ̀. Adájọ́ Emmett Hall tí wọ́n ní kó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò gbé ìjábọ̀ ẹ̀ jáde ní 1964, ó ní kí gbogbo ọmọ Kánádà wà lábẹ́ ètò kan náà. Pearson ti di olórí ìjọba, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ Liberal ò ní iye tó lè dá dúró nílé, 131 ni wọ́n gbà nínú 265 ní 1965, ẹgbẹ́ NDP tí Tommy Douglas ń darí sì wà níbẹ̀ tó ń tì wọ́n lẹ́yìn tó tún ń ṣọ́ wọn. Lóṣù kejìlá 1965 ni Pearson gbé MacEachen lọ sí ìlera. Lóṣù keje 1966 ló gbé àbá òfin náà dé ilé, ọjọ́ tí wọ́n sì fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ ni July 1, 1967, ọjọ́ tí Kánádà máa pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí fún gbogbo orílẹ̀-èdè ni.

Ogun ti dìde lọ́tùn-ún lósì. Àwọn dókítà ń bínú, àwọn iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ń bínú, John Robarts tó ń ṣolórí Ontario àti Ernest Manning ti Alberta ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Gbogbo ìyẹn ò ya èèyàn lẹ́nu, ọ̀tá tó wà níta, a máa ń rí i. Inú ilé ni ẹsẹ̀ ti wá yọ̀. Lóṣù kẹsàn-án 1966, Mitchell Sharp tó jẹ́ mínísítà ìṣúná dìde nílé, ó ní ọjà ti ń gbówó lórí jù, ìjọba gbọ́dọ̀ fọwọ́ mú ìnáwó, wọ́n á sún ètò ìlera náà síwájú di ọdún kan sí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe yẹ, Sharp kì í ṣe èèyàn burúkú, òun ló di àpò ìjọba mú, àpò náà sì ń jò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fi ara yín sípò Allan J. Ẹ ti gbé àbá òfin síwájú ilé, ẹ ti ṣèlérí ọjọ́, àwọn dókítà ń gbógun tì yín, ìpínlẹ̀ ńlá ńlá ń gbógun tì yín, ẹnì kan tẹ́ ẹ jọ ń jókòó nídìí tábìlì kan náà wá dìde sọ fún gbogbo ayé pé ọjọ́ yẹn ò ṣeé ṣe mọ́. Kò sẹ́ni tí ò mọ̀ pé tí wọ́n bá lè sún un lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sún un lẹ́ẹ̀kejì, tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹni tó ń retí ẹ̀ gan-an á ti gbàgbé. Báwọn nǹkan rere ṣe ń kú sọ́wọ́ ìjọba nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa pa á, wọ́n á kàn máa sún un.

Àwọn tó kọ ìtàn àsìkò yẹn sọ pé ó rò ó láti fipò sílẹ̀. Mo gbà wọ́n gbọ́. Èmi ì bá ti lọ.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ Liberal pàdé ní Ottawa, ìjà náà sì bọ́ sí gbangba. Àwọn kan ní dandan ni kí wọ́n padà sí ọjọ́ àkọ́kọ́, àwọn tó wà lẹ́yìn Sharp ní kí ọjọ́ náà wà ní ṣíṣí sílẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ wo bí owó ṣe máa rí. Ibi tí wọ́n parí ẹ̀ sí ni pé ó dùn wọ́n pé wọ́n sún un, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ kọjá July 1, 1968. Ẹni tó bá wò ó wàrà á sọ pé Sharp ló borí, torí pé ọdún kan tó fẹ́ náà ló gbà. Mo kà á títí kó tó yé mi pé Allan J. náà gba nǹkan lọ́wọ́ wọn níbẹ̀. Ó pàdánù ọdún kan, ṣùgbọ́n ó gba ọjọ́ kan pàtó. Lóṣù kejìlá 1966, ilé dìbò sí òfin náà, àwọn méjì péré ló ní àwọn ò fẹ́, ọjọ́ yẹn sì wà nínú òfin.

Ẹ rí i, ibẹ̀ yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Nígbà tó ṣì jẹ́ ìlérí mínísítà, mínísítà mìíràn lè dìde kó sún un. Tó bá ti di òfin, ẹni tó bá fẹ́ sún un gbọ́dọ̀ padà wá sílé pẹ̀lú òfin mìíràn, ìjọba tí ò ní iye tó pọ̀ tó nílé, pẹ̀lú Douglas àtàwọn èèyàn ẹ̀ tí wọ́n jókòó síwájú wọn, ibo ló ti fẹ́ rí ìbò fún irú ẹ̀? Nígbà tí 1968 wọlé, àwọn kan nínú kábínẹ́ẹ̀tì tún gbìyànjú láti sún un, kò bọ́ sí i fún wọn.

Bó bá ti lọ ńkọ́?

Ẹnì kan wà tó yẹ ká fi wé e. Walter Gordon ni mínísítà ìṣúná ṣáájú Sharp, òun sì ni òpó táwọn tó fẹ́ràn ètò yìí nínú ẹgbẹ́ fẹ̀yìn tì. Òun ló gba Pearson níyànjú kí wọ́n dìbò ní 1965, nígbà tí ìbò náà ò mú iye tí wọ́n ń wá wá, ó fipò sílẹ̀ bí ọmọlúàbí. Ohun tó yẹ èèyàn tó ní ìtìjú ló ṣe, mo bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tẹ̀yìn ẹ̀ yọ: àga tó dìde níbẹ̀ ni Sharp jókòó sí, orí àga yẹn náà ni Sharp wà tó fi sún ètò ìlera síwájú. Ká ní Allan J. náà ti dìde lóṣù kẹsàn-án 1966, ta ni wọn ì bá gbé fáìlì náà fún? Ó dá mi lójú pé wọn ò ní wá ẹni tó máa bá wọn jà.

Níbi tí mo ti ń kà á yìí ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo bí àwa fúnra wa ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa òṣèlú lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá bínú jáde, tó kọ lẹ́tà gígùn, la máa ń pàtẹ́wọ́ fún, ẹni tó bá jókòó, a ti pè é ní ajẹnilẹ́nu, a ní torí oúnjẹ ló ṣe jókòó. Ó sì máa ń rí bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà lóòótọ́, èmi náà ò tan ara mi jẹ, a ti rí àwọn tó jókòó títí tí ipò fi jẹ wọ́n run. Báwo lèèyàn ṣe wá máa mọ èyí tó jẹ́ torí ipò àti èyí tó jẹ́ torí iṣẹ́? Ohun tí mo rí dì mú nínú ọ̀rọ̀ Allan J. ni pé ká wo ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni náà nígbà tó padà jókòó. Ṣé ó gba nǹkan tí wọn ò lè gbà padà lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́? Àbí ọ̀rọ̀ dídùn ni wọ́n fi rán an lọ sílé? Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ dídùn ni, kó yáa máa lọ.

Ní April 1968, Allan J. náà du ipò olórí ẹgbẹ́ nígbà tí Pearson ń lọ, kò tiẹ̀ súnmọ́ ọn rárá, Pierre Trudeau ló gbé e. Sharp náà ti ń wá ipò yẹn, àmọ́ lóṣù kejì, nígbà tí Pearson rìnrìn àjò tí Sharp ń di ipò mú dè é, ìjọba pàdánù ìbò lórí òfin owó orí tí Sharp gbé wá, 84 sí 82, ó sì yọwọ́ ọ̀rọ̀ náà kúrò káwọn èèyàn tó dìbò. Lóṣù kẹfà, nígbà ìbò gbogboogbò, Allan J. nìkan ni ọmọ ẹgbẹ́ Liberal tó wọlé ní gbogbo Nova Scotia, àga tó kù, 10 nínú 11, ọwọ́ àwọn alátakò ni wọ́n wà. Òun ṣì ni mínísítà ìlera ní July 1, 1968 tí ètò náà bẹ̀rẹ̀, Saskatchewan àti British Columbia nìkan ló wọlé lọ́jọ́ náà. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ẹ̀ tí wọ́n gbé e lọ sí iléeṣẹ́ mìíràn. Nova Scotia wọlé ní 1969, nígbà tó fi máa di 1972 gbogbo ìpínlẹ̀ ti wà nínú ẹ̀.

Ẹni tó ń ka orí

Tó bá jẹ́ pé kíkàn jókòó nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe, mi ò ní máa yọ ara mi lẹ́nu lórí ẹ̀. Ní 1979, ẹgbẹ́ Liberal ti di alátakò, Joe Clark ti ẹgbẹ́ Conservative ló ń ṣèjọba, òun náà ò ní iye tó pọ̀ tó nílé, Trudeau ti kéde pé òun ń fi olórí ẹgbẹ́ sílẹ̀, nítorí náà àwọn èèyàn Clark fọkàn balẹ̀ pé kò sẹ́gbẹ́ alátakò tó máa já ìjọba lulẹ̀ nígbà tí ò ní olórí. John Crosbie tó jẹ́ mínísítà ìṣúná Clark gbé bájẹ́ẹ̀tì wá, ó fi sẹ́ǹtì 18 lé orí gálọ́ọ̀nù epo. Allan J. ń ka orí. Ó ka àwọn tiẹ̀, ó ka ti NDP, ó ka àwọn tí wọ́n ò ní sí nílé lọ́jọ́ náà, nígbà tó di December 13, ìjọba Clark ṣubú, 139 sí 133. Òun náà ló wá dìde níwájú àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ ẹ̀ tó bá wọn sọ̀rọ̀ títí tí wọ́n fi gbà kí Trudeau padà wá. Trudeau padà, ó wọlé ní February 1980, ìwé òfin tuntun Kánádà àti ìwé ẹ̀tọ́ tó wà nínú ẹ̀ ní 1982, àsìkò yẹn ló bọ́ sí. Ẹni tí wọ́n fi ìbò 16 jù lulẹ̀ nígbà kan ló ka orí yẹn o.

Ibi tí ò ti rí bẹ́ẹ̀

Trudeau wá fi í ṣe mínísítà ìṣúná, ibẹ̀ ló ti kọsẹ̀. Bájẹ́ẹ̀tì tó gbé jáde ní November 12, 1981, ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ dáa, ó fẹ́ dí ọ̀pọ̀ ihò táwọn olówó ń gbà sá fún owó orí, kí owó orí lè fúyẹ́ fún àwọn tó kù. Ṣùgbọ́n èlé owó ní Kánádà lọ́dún yẹn ti kọjá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn èèyàn ti ń pàdánù ilé wọn, àwọn tó ń kọ́lé, àwọn oníṣòwò kéékèèké, àwọn iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì, gbogbo wọn figbe ta lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ọdún tó parí ló ti ń kó ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ padà, nígbà tó di 1982 wọ́n gbé e kúrò níbẹ̀, Marc Lalonde ló gbà á.

Kí ló yàtọ̀? Ọkùnrin kan náà ni, sùúrù kan náà ni. Mo rò pé àwọn tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ló yàtọ̀. Ní 1966, Hall ti ká Kánádà já tó ń gbọ́ tẹnu aráàlú, Saskatchewan ti jà á já, NDP wà nílé, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wà níta, nígbà tí Sharp dìde, àwọn èèyàn wà tó máa bínú. Ní 1981, àṣà ni pé bájẹ́ẹ̀tì kì í jáde títí dọjọ́ tí wọ́n máa kà á, inú yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́, ó jáde síta, kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn ẹ̀. Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Ara ẹ̀ náà tún dá kún un, Celtic Sphinx làwọn oníròyìn ń pè é, torí pé kì í sọ ohun tó wà nínú ẹ̀ fúnni. Ní ọ̀rọ̀ ìlera, àwọn mìíràn ń bá a sọ̀rọ̀, ní ọ̀rọ̀ owó orí, ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́.

Àwọn kan tún dá a lẹ́bi pé ó ń fa iṣẹ́ ìjọba lọ sílé jù, wọ́n sì ní ẹ̀rí, iléeṣẹ́ méjì tó ń ṣe heavy water, ìyẹn omi àkànṣe tí wọ́n ń lò níbi tí wọ́n ti ń fi núkílíà ṣe iná mànàmáná, tó wà ní Cape Breton jẹ owó lọ rẹpẹtẹ kí wọ́n tó tì wọ́n pa ní 1985. Mi ò ní gbèjà ẹ̀ lórí ìyẹn.

Ohun tó kù nínú fáìlì náà

MacEachen kú ní September 2017, ó pé ọmọ ọdún 96. Iṣẹ́ yẹn ò tíì parí. Nínú ìjábọ̀ Emmett Hall ní 1964, oògùn náà wà lára ohun tó ní kí wọ́n fi kún un. Oògùn tí èèyàn ń rà ní ilé ìtajà oògùn ò sí nínú òfin 1966, bí dókítà bá wò ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ní Kánádà tó sì kọ oògùn fún ẹ, ọ̀pọ̀ ìgbà lo ṣì máa rà á fúnra ẹ tàbí kí iléeṣẹ́ tó o ti ń ṣiṣẹ́ bá ẹ gbé e. Oṣù kẹwàá 2024 ni wọ́n tó ṣòfin lórí ẹ̀, ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn tí Hall ti sọ ọ́, ìjọba Liberal tí ò ní iye tó pọ̀ tó nílé ló tún ṣe é, NDP ló tún dúró tì wọ́n lọ́rùn kí wọ́n tó ṣe é, oògùn ìfètòsọ́mọbíbí àti oògùn àtọ̀gbẹ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ìpínlẹ̀ díẹ̀ ló sì kọ́kọ́ bá wọn buwọ́ lùwé àdéhùn.

Mo lọ ka òfin tuntun yẹn. Ọjọ́ ni mo ń wá nínú ẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n ní gbogbo ọmọ Kánádà gbọ́dọ̀ ti máa gba gbogbo oògùn wọn lábẹ́ ẹ̀, irú èyí tí Allan J. gbà lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀. Mi ò rí i níbẹ̀.